Bí Àjàrà Kò Bá So, Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Ibi kíkà: Àìsáyà 5:1–8, Diutarónómì 11:10–14, Lúùkù 13:1–9, Jòhánù 15:1–8

Ìbéèrè tí a gbé síwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí ti pẹ́ ní ayé, kò sì sí ìjọ kan tí kò tíì bá a pàdé. Ẹnì kan ṣiṣẹ́, kò rí èrè. Ẹlòmíràn kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó kórè títí àká rẹ̀ fi kún. Kí ni a ó sọ nípa àwọn méjèèjì? Ṣé ọwọ́ àgbẹ̀ ni a ó wò ni, tàbí ojú ọ̀run? Bí a bá sì wo ojú ọ̀run, tí a rántí pé Ọlọ́run ni ó ni òjò, ṣé a lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tí inú Rẹ̀ dùn sí àti ẹni tí Ó ń bínú sí?

Bíbélì fi ọgbà àjàrà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa kò rí igi àjàrà rí. Èso rẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ìlú ńlá, tàbí omi rẹ̀ tí a ń mu ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kò sọ ìtàn igi náà fún wa. Nítorí náà, kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí oko.

Ilẹ̀ tí ń mu omi òjò

Kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó rékọjá odò Jọ́dánì ni Mósè ti sọ fún wọn pé ilẹ̀ tí wọ́n ń lọ kò dàbí Íjíbítì tí wọ́n ti jáde wá. Ní Íjíbítì, odò Náílì ni ó ń bọ́ oko. Àgbẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ darí omi sí ibi tí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkè àti àfonífojì ni Kénáánì, omi tí ó ti ọ̀run wá ni ó ń mu. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọlọ́run mú àwọn ènìyàn Rẹ̀ kúrò ní ibi tí àgbẹ̀ ti lè sọ pé, “Ọwọ́ mi ni omi mi wà,” Ó sì mú wọn lọ sí ibi tí ojú gbogbo ènìyàn, olódodo àti ẹlẹ́ṣẹ̀, yóò ti máa wo òkè.

Ọ̀nà méjì ni ọdún pín sí ní ilẹ̀ náà. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin ni òjò ń rọ̀. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án, ó lè má kán rárá. Èyí yàtọ̀ sí tiwa pátápátá, nítorí nígbà tí òjò tiwa bá ń rọ̀ kíkankíkan ní oṣù kẹfà, ilẹ̀ Júdà ti gbẹ táútáú. Òjò tí Jerúsálẹ́mù ń rí lọ́dún kò ju bí 550 mílímítà lọ. Ti Ìbàdàn ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Òjò àkọ́rọ̀ ni èyí tí ń rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ń mú kí ilẹ̀ líle rọ̀ kí a lè tú u. Òjò àrọ̀kúrò ni ti oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, tí ń fún irúgbìn ní omi ìkẹyìn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé. Láàárín méjèèjì ni òtútù wà. Ní òkè Hébúrónì, tí ó ga tó bí 900 mítà ju ojú òkun lọ, òjò dídì a máa bọ́ ní ọdún mìíràn.

Àwa a máa rò pé ọ̀tá irúgbìn ni òtútù. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àjàrà. Ní ìgbà òtútù, àjàrà a gbọn gbogbo ewé rẹ̀ dànù, a sì dúró bí igi gbígbẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò fi sọ pé kí a gé e fi dáná. Ó ń sinmi ni. Bí òtútù kò bá tó, ìsinmi rẹ̀ kò pé, rírúwé rẹ̀ kì í sì í dọ́gba nígbà tí ooru bá dé; ẹ̀ka kan a yọ, òmíràn a sùn lọ. Àsìkò ìsinmi yìí gan-an ni olùtọ́jú àjàrà ń mú dòjé rẹ̀, tí ó sì ń gé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀ka ọdún tí ó kọjá dànù, kí agbára igi náà má bàa tán sínú ewé. (Ní Bàhíà àti Pẹnanbúkò ní ilẹ̀ Bràsíìlì, lẹ́bàá odò São Francisco, níbi tí òtútù kò sí, àwọn àgbẹ̀ a máa dín omi kù fún àjàrà kí ó lè sùn, lẹ́yìn náà wọn a gé ẹ̀ka rẹ̀, wọn a tún bomi rin ín, wọn a sì kórè ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹnì kan lè sọ pé àwọn wọ̀nyí ti padà sí Íjíbítì, sí oko tí a ń fi ẹsẹ̀ bomi rin. Síbẹ̀ òjò ni ó ń kún odò náà láti òkè wá.)

Nígbà tí ooru bá dé ìwọ̀n bí 10 Celsius, ní nǹkan bí oṣù kẹta, ojú ẹ̀ka a là, ọ̀mùnú a sì yọ. Nígbà náà ni ewu bẹ̀rẹ̀, nítorí òru ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìrì bá dì lè pa ọ̀mùnú gbogbo oko. Ní ọdún 2021, ooru tètè dé sí ilẹ̀ Faransé ní ìparí oṣù kẹta. Àjàrà gbà pé ìgbà òtútù ti kọjá, ó rú jáde. Ní oṣù kẹrin òtútù padà wá lójijì. Àwọn àgbẹ̀ tan iná sí àárín ọgbà lóru, láti poro dé poro, kí afẹ́fẹ́ lè móoru díẹ̀. Àwọn kan gba díẹ̀ là, ọ̀pọ̀ kò rí nǹkan gbà. Kò sí iṣẹ́ tí wọn kò ṣe.

Lẹ́yìn ọ̀mùnú ni ìtànná, ní nǹkan bí oṣù karùn-ún. Òdòdó àjàrà kéré, kò wu ojú. Bí òjò tàbí òtútù bá bá a ní ọjọ́ mélòó kan tí ó fi tanná, a ó gbọ̀n dànù láìdi èso. Ẹ̀fúùfù ìlà-oòrùn tún wà, èyí tí ń ti aṣálẹ̀ fẹ́ wá ní àkókò tí ọdún bá ń yí padà. Ìsíkíẹ́lì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní orí 17 àti orí 19, òun ni wòlíì náà fi ṣe ohun tí ń mú àjàrà rọ. Ó gbẹ bí ọyẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n ọyẹ́ a máa mú òtútù wá ní òwúrọ̀; ẹ̀fúùfù yìí kò mọ̀ ju ooru lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn wá dé, oṣù márùn-ún láìsí òjò, àjàrà kò sì kú. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà, sínú pàlàpálá àpáta, níbi tí omi ìgbà òtútù pamọ́ sí. Ìrì òru sì ń tu ewé rẹ̀ lára. Kàyéfì ni pé gbígbẹ ojú ọjọ́ náà gan-an jẹ́ àánú, nítorí àrùn tí ń bá ewé àti èso àjàrà jà, tí ó dàbí èébu tí í bo gaàrí tí omi kàn, inú ọ̀rinrin ni ó ti ń gbèrú. Àgbẹ̀ kòkó tí ó wà láàárín wa yóò tètè mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ọdún tí òjò bá pọ̀ jù ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, èso kòkó a máa dúdú, a sì máa rà lórí igi. Bẹ́ẹ̀ ni ti àjàrà: bí òjò bá rọ̀ nígbà tí èso rẹ̀ ti ń pọ́n, ní oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án, èso náà a mu omi jù, awọ rẹ̀ a bẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà láti àárín ṣírí.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí olùkọ́ fi ara balẹ̀ ṣàlàyé fún kíláàsì rẹ̀. Èso tí a ń ká lára àjàrà lọ́dún yìí, a ti pilẹ̀ rẹ̀ nínú ojú ẹ̀ka láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí ó kọjá. Bí oòrùn àti ooru bá dára ní ìgbà náà, ṣírí pọ̀ nínú ojú ẹ̀ka tí ń sùn. Bí kò bá dára, ṣírí kéré. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró ní etí ọgbà ní ọjọ́ ìkórè, tí ó ń sọ pé èyí ni èrè iṣẹ́ ọdún yìí, kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ọdún méjì ni ó wà nínú agbọ̀n náà.

Ta ni òjò rọ̀ fún?

Ẹ jẹ́ kí a rò ó báyìí. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni. Ọkùnrin kan ní Júdà ti ká èso àjàrà rẹ̀, ó sì sá a sí oòrùn lórí àpáta kí ó lè gbẹ, kí ilé rẹ̀ lè rí i jẹ ní ìgbà òtútù. Aládùúgbò rẹ̀ ní igi ólífì. Èso ólífì rẹ̀ rọ lórí igi, ó ń dúró de òjò àkọ́rọ̀ kí èso náà lè wú, kí òróró wọn lè pọ̀. Àwọn méjèèjì jẹ́ olùbẹ̀rù Ọlọ́run. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ ní alẹ́ kan náà. Ọ̀kan bẹ Olúwa pé kí Ó dá òjò dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, èkejì bẹ̀ Ẹ́ pé kí Ó jẹ́ kí ó rọ̀. Òjò sì rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé a ó sọ pé àdúrà ẹni ólífì lágbára ju ti ẹni àjàrà lọ? Ṣé ẹni tí èso rẹ̀ tutù mọ́ àpáta ní ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ kan?

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìtàn ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ẹni tí a mọ̀, ẹni tí a jọ ń jókòó lórí àga kan náà, ọ̀rọ̀ a máa yí padà lẹ́nu wa. Mo ní láti jẹ́wọ́ èyí, nítorí ó ti yí padà lẹ́nu èmi náà.

Ní ọdún kan, ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ Ìkórè, arákùnrin kan nínú kíláàsì tí mo ń kọ́ mú iṣu mẹ́ta wá àti owó táṣẹ́rẹ́. Ọdún tí ó ṣáájú, ó ti mú púpọ̀ wá. Kòkó rẹ̀ ti rà lórí igi, gbogbo wa ni a sì mọ̀. Èmi náà dúró níwájú ìjọ ní ọjọ́ náà, mo sì jẹ́rìí bí Olúwa ti ṣe rere fún mi nítorí pé n kò já ìdámẹ́wàá mi dá. Lẹ́yìn ìsìn, mo fa arákùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ fún un pé kí ó yẹ ara rẹ̀ wò, bóyá nǹkan kan wà láàárín òun àti Ọlọ́run. Mo rò pé olùkọ́ rere ni mo jẹ́. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Olùkọ́.” Kò wá sí kíláàsì mọ́ fún oṣù mẹ́rin.

Nígbà tí mo wá lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní oko, mo rí ohun tí n kò béèrè kí n tó sọ̀rọ̀. Ibi kòtò ni oko rẹ̀ wà, omi kì í tètè fà níbẹ̀, atẹ́gùn kì í sì í wọ ibẹ̀ dáadáa. Oko tèmi wà lórí gegele. Òjò kan náà ni ó rọ̀ sí oko àwa méjèèjì. Bàbá mi ni ó fi gegele náà sílẹ̀ fún mi. Kì í ṣe ìdámẹ́wàá mi ni ó gbé e síbẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dárí jì mí, ṣùgbọ́n n kò lè dá ẹ̀rí tí mo jẹ́ níwájú ìjọ padà sí ẹnu mi.

Àwọn kan nínú kíláàsì yóò sọ pé, “Ṣùgbọ́n àwọn wòlíì ńkọ́?” Òtítọ́ ni. Ní Ámósì 4, Olúwa sọ pé Òun ni ó jẹ́ kí òjò rọ̀ sí ìlú kan tí kò sì rọ̀ sí èkejì. Ní Hágáì 1, ọ̀dá dé nítorí pé àwọn ènìyàn kọ́ ilé ara wọn tí wọ́n fi ilé Olúwa sílẹ̀ ní ahoro. Èlíjà ti ọ̀run pa ní ìgbà Áhábù. A kò lè fi ọwọ́ rọ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sẹ́yìn, kí a sì máa pe ara wa ní ènìyàn Bíbélì.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì. Èkínní, wòlíì kò wo ojú ọjọ́ kí ó tó mọ ẹ̀ṣẹ̀. Olúwa ni ó sọ ọ́ fún un. Bí Hágáì kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ Olúwa, ọ̀dá náà ì bá jẹ́ ọ̀dá lásán lójú òun náà, bí ó ti rí lójú gbogbo ìlú. Àwa tí a kò gbọ́ ohunkóhun, tí ó jẹ́ pé kòkó tí ó rà nìkan ni a rí, kí ni a fi ń sọ̀rọ̀ bí Hágáì? Èkejì, àwọn wòlíì ń bá gbogbo orílẹ̀-èdè wí, wọ́n sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀dá ìgbà Èlíjà gbẹ odò tí Èlíjà fúnra rẹ̀ ń mu, títí ó fi di ẹni tí opó kan ń bọ́. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọ̀dá náà wọn òdodo Èlíjà sí ti Áhábù, nítorí òùngbẹ gbẹ àwọn méjèèjì. Olúwa wa sì ti parí ọ̀rọ̀ náà ní Mátíù 5:45, níbi tí Ó ti fi òjò tí kò yan ẹnì kan láàyò ṣe àpẹẹrẹ bí ó ti yẹ kí a fẹ́ràn àwọn ọ̀tá wa.

Ọgbà kan tí kò ní àwáwí

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni a ó ṣe ka Àìsáyà 5? Níbẹ̀, olówó ọgbà bínú sí ọgbà rẹ̀ nítorí èso búburú, ó sì ní kí àwọn ará Jerúsálẹ́mù wá ṣe ìdájọ́. Ó ka iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn: orí òkè ọlọ́ràá, ilẹ̀ tí a tú, òkúta tí a ṣà kúrò, àjàrà àṣàyàn, ilé ìṣọ́, ibi ìfúntí. Ẹni tí ó bá mọ òkè Júdà mọ̀ pé òkúta ṣíṣà nìkan lè gba ọdún púpọ̀. Òkúta wọ̀nyí náà ni wọ́n fi ń mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ òkè kí ọ̀gbàrá má bàa gbé ilẹ̀ lọ.

Ẹ tún un kà, kí ẹ sì wá òjò nínú iṣẹ́ tí ó kà. Kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹfà ni òjò tó wọlé, nígbà tí olówó ọgbà sọ pé òun yóò pàṣẹ fún àwọsánmà kí wọ́n má rọ̀ sí i mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń gbọ́ yóò ti ta gìrì, nítorí kò sí àgbẹ̀ kankan tí ń pàṣẹ fún àwọsánmà. Wọ́n wá mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí ọgbà náà jẹ́. Ọgbà yìí nìkan ni ó wà láyé tí ẹni tí ó ni ín àti ẹni tí ó ni òjò jẹ́ ọ̀kan. Nítorí náà kò ní àwáwí. Kò lè sọ pé olùtọ́jú òun ṣe tirẹ̀ ṣùgbọ́n òjò kọ̀. Ọgbà tèmi àti tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mú Àìsáyà 5 lọ ka sí etí àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kùnà ti mú ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run nìkan lè sọ, ó sì ti sọ ara rẹ̀ di olówó òjò.

Ẹ sì wo irú èso tí a ń wá. Ẹsẹ̀ keje sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe àjàrà, ìdájọ́ òtítọ́ àti òdodo ni, àti pé igbe àwọn tí a ń ni lára ni a rí dípò wọn. Ẹsẹ̀ kẹjọ sì dojú kọ àwọn tí ń fi ilé kún ilé, tí ń fi oko kún oko. Ó dùn mọ́ mi nínú pé àwọn tí a bá wí níhìn-ín ni àwọn tí ìkórè wọn pọ̀! Bí a bá fẹ́ fi orí yìí bá ẹnì kan wí ní ọjọ́ Ìdúpẹ́, ẹni tí ó ru àpò mẹ́wàá wá ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè ibi tí ó ti rí ilẹ̀.

A kò sọ pé kí ọ̀lẹ fi òjò bo ara rẹ̀ o. Òwe 24 mú wa kọjá lẹ́bàá ọgbà àjàrà kan tí ẹ̀gún bò, tí ògiri òkúta rẹ̀ sì wó. Òjò lè wó ògiri. Kì í ṣe òjò ni kò jẹ́ kí a tún un mọ. Ní ọdún 1908, àwọn awalẹ̀pìtàn hú wàláà òkúta kékeré kan jáde ní Gésérì, tí ó ti tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún. Ẹni tí ó kọ ọ́ to iṣẹ́ àgbẹ̀ láti oṣù dé oṣù: oṣù méjì fún kíkó èso jọ, méjì fún ìfúnrúgbìn, méjì fún ìfúnrúgbìn ìkẹyìn, oṣù tí a ń gé ọ̀gbọ̀, oṣù ọkà báálì, títí ó fi dé oṣù méjì tí ó jẹ́ ti ìtọ́jú àjàrà, àti oṣù èso ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò kọ òjò sí i níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gbé ní ilẹ̀ yẹn kò lè ṣe aláìmọ̀ pé òjò ni ẹ̀mí gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ti ọwọ́ rẹ̀ ni ó kọ. Bí a bá fẹ́ yẹ ara wa wò, ìwọ̀n ìwé yẹn ti tó: ṣé mo gé ẹ̀ka ní oṣù tí ó yẹ? Ara mi ni mo sì gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè náà yẹ̀ wò, kì í ṣe aládùúgbò mi.

Ṣùgbọ́n ní àkókò tiwa, ọ̀rọ̀ náà ti le sí i. Àwọn baba wa lè fi òjò sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kí wọ́n sì gbájú mọ́ oko. Ní ìlú Beaune ní ilẹ̀ Faransé, àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìkórè àjàrà wà láti ọdún 1354. Àwọn tí ó kà á títí dé 2018 rí i pé láti ọdún 1988, ìkórè ń tètè dé ní nǹkan bí ọjọ́ 13 ju ti àtijọ́ lọ, nítorí ooru tí ó ń pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ sì ti fi hàn pé èéfín epo àti èédú tí àwa ènìyàn ń sun wà lára ohun tí ń mú ayé gbóná. Nítorí náà, ọwọ́ ènìyàn ti wọ inú ojú ọjọ́. Ẹ sì rí i pé èyí kò sọ wá di ẹni tí ó lè fi oko tí ó kùnà mọ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ṣe ni ó tún mú un jìnnà sí i. Ẹni tí ó ń sun epo jù wà ní ìlú kan, ẹni tí oko rẹ̀ gbẹ wà ní òmíràn, àwọn méjèèjì kò sì mọ ara wọn.

Ní Jòhánù 15, Olúwa wa pe Baba Rẹ̀ ní olùtọ́jú àjàrà. Ó sọ irú ẹ̀ka méjì tí ọbẹ ń bá. Èyí tí kò so, a ó mú un kúrò. Èyí tí ó so, a ó wẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ó lè so sí i. Bí ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ náà bá wọ ọgbà ní ìgbà òtútù, tí ó rí ẹ̀ka tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí omi ń jáde lójú ọgbẹ́ rẹ̀, kò lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá nítorí pé ó so ni a ṣe gé e. Arákùnrin mi nínú kòtò yẹn, títí di òní olónìí, òun ni ó máa ń tètè dé ìpàdé àdúrà jù nínú wa.

Kí ni kí a wá ṣe ní ọjọ́ ìkórè? Òfin Mósè sọ ohun kan tí ó ṣe kedere. Ẹni tí ó bá ká àjàrà rẹ̀ kò gbọdọ̀ padà lọ pèéṣẹ́ èyí tí ó ṣẹ́kù. Ti àlejò ni, àti ti aláìníbaba, àti ti opó (Diutarónómì 24:21). Ẹ ka òfin náà láti òkè dé ilẹ̀, ẹ kò ní rí ibi tí a ti pàṣẹ fún olóko pé kí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, kí ó máa bi opó náà bóyá òjò ni ó ba ti ọkọ rẹ̀ jẹ́ tàbí ọ̀lẹ. A kò fi ìdí òṣì rẹ̀ sí ọwọ́ olóko. Ṣírí tí ó ṣẹ́kù nìkan ni a fi sí i lọ́wọ́, pé kí ó fi í sílẹ̀. Kí àwọn tí ń ṣètò Ìdúpẹ́ Ìkórè ní ìjọ wa ronú sí èyí kí wọ́n tó pe orúkọ àti iye tí olúkúlùkù mú wá sí etí gbogbo ènìyàn.

A ó parí kíkà wa ní Lúùkù 13. Àwọn kan mú ìròyìn ikú wá bá Jésù, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ó kọ̀ láti sọ ọ́ fún wọn, Ó sì yí ìbéèrè náà padà sí ara wọn. Lẹ́yìn náà ni Ó pa òwe igi ọ̀pọ̀tọ́ tí ó wà láàárín ọgbà àjàrà, tí kò so fún ọdún mẹ́ta. Olówó ọgbà ní kí a gé e. Olùtọ́jú kò bá a jiyàn pé òjò ni kò dára, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé igi náà burú. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i, kí òun lè tú ilẹ̀ yí i ká, kí òun sì fi ìlẹ̀dú sí i. Jésù dákẹ́ níbẹ̀. Kò sọ fún wa bí òjò ọdún náà ti rí, kò sì sọ bóyá igi náà so.